Ta Ni Yóò Sọ Ibi Tí Ó Ń Dùn Ún?

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí dókítà máa ń bi aláìsàn ni pé, "Kí ni ó ń ṣe ọ́?" Ìbéèrè yìí rọrùn fún ẹni tí òye rẹ̀ pé. Yóò dáhùn pé orí ń fọ́ òun, pé láti ìjẹta ni. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kan wà tí ara wọn ti dàgbà, tí òye wọn kò bá ọjọ́ orí wọn rìn. Ní ojú wọn, ògiri ni ìbéèrè kékeré yìí. Ǹjẹ́ ẹni tí kò lè sọ ibi tí ó ń dùn ún pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí ìwòsàn bí? Kò sí ẹni tí yóò fi ẹnu sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Síbẹ̀, ìwà tí à ń hù sí wọn ni ó ń dáhùn bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ yé ara wa. Ẹni tí à ń wí yìí kì í ṣe wèrè. Ọpọlọ wèrè ti ń ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ kí àìsàn tó dà á rú. Òye ti ẹni yìí ni kò dàgbà tó láti kékeré. Dìndìnrìn àti ọ̀dọ̀yọ̀ ni àwọn ènìyàn ń pè é, orúkọ èébú sì ni méjèèjì. Ó lè jẹ́ pé èémí kò tètè dé nígbà tí a bí i, tàbí pé ibà pọ́njú líle tàbí ibà tí ó wọ orí ni ó ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Ó sì lè jẹ́ pé inú oyún ni ó ti gbé e wá. Síbẹ̀, òwe tí aládùúgbò ń pa fún ìyá rẹ̀ ni pé, "Ẹni bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n." Òwe náà bá ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa wàhálà mu. Ọmọ yìí kò dá ọ̀ràn, ìyá rẹ̀ kò sì fà á.

Bí ọ̀rọ̀ yìí ti wúwo tó hàn gbangba ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Agbègbè méjèèjì wà lára ibi tí ibà Lassa ti ń jà jù ní Nàìjíríà. Àrùn yìí, tí a kọ́kọ́ dá mọ̀ ní 1969 ní ìlú Lassa ní Borno, ń ti ara eku wá, nígbà tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ eku bá kan oúnjẹ. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Ọ̀wọ̀ ti di ibi tí a mọ̀ káàkiri fún ìtọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tètè dé ibẹ̀ ni ìrètí rẹ̀ pọ̀ jù. Àmì ìbẹ̀rẹ̀ àrùn náà sì ni ara gbígbóná, àárẹ̀, orí fífọ́ àti ọ̀fun dídùn. Yàtọ̀ sí ara gbígbóná, ẹnu aláìsàn ni a ti sábà máa ń gbọ́ ìyókù.

Ká sọ pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan báyìí wà ní abúlé kan lẹ́bàá Ifọ̀n. Ó kọ oúnjẹ. Wọ́n ní ìṣe rẹ̀ ni. Ó ká jọ sí kọ̀rọ̀. Wọ́n ní bí ó ti máa ń ṣe nìyẹn. Ó ké nígbà tí wọ́n fẹ́ fi ọwọ́ kàn án. Wọ́n ní kí wọ́n mú un jáde kí ó má baà da àwọn yòókù láàmú. Àbùkù òye rẹ̀ ti di aṣọ tí ó bo àìsàn rẹ̀. Bí ó bá sì yè é, ibà Lassa a máa sọ àwọn kan di adití. Bí kò bá jẹ́ ìpè mọ́, wọn yóò ní àìgbọ́n rẹ̀ ni ó le sí i. Ta ni yóò yẹ etí rẹ̀ wò?

Àwọn kan lè sọ pé ilé ìwòsàn ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Lóòótọ́, ìjọba Olóyè Michael Adékúnlé Ajásin, ọmọ Ọ̀wọ̀, gbé ìwòsàn ọ̀fẹ́ kalẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó àtijọ́ láàrin 1979 àti 1983. Òfin àpapọ̀ tí a bu ọwọ́ lù ní oṣù kìíní 2019 sì fún ẹni tí ó ní àbùkù ọpọlọ ní ẹ̀tọ́ sí ìwòsàn ọ̀fẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ṣùgbọ́n owó nìkan kọ́ ni ó ń dí ọ̀nà. Ẹni tí a kò mọ ìrora rẹ̀, bí a tilẹ̀ fi oògùn ọ̀fẹ́ kún ọwọ́ rẹ̀, a kò tíì wò ó.

Àwọn mìíràn yóò ní nọ́ọ̀sì kò tó, pé bí ẹnì kan bá pẹ́ níwájú dókítà, ìyà yóò jẹ ogún tí ń dúró. Àtakò yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí à ń béèrè kò pọ̀: kí á bi ẹni tí ó ń bá a gbé ohun tí ó yí padà lára rẹ̀, kí á tètè rí i kí èrò tó pọ̀, kí á yẹ ọ̀fun, etí àti eyín rẹ̀ wò, kí á kọ bí ó ti ń fi ìrora hàn sínú káàdì rẹ̀. Ìyá nìkan ni ó mọ èyí tí í ṣe ẹkún ebi àti èyí tí í ṣe ẹkún ìrora. Bí a kò bá kọ ọ́ sílẹ̀, ọjọ́ tí ìyá bá kú ni ìmọ̀ náà bá a wọlẹ̀.

Yorùbá ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́. Ọmọ náà kò ké pe àgbà; kò tilẹ̀ mọ̀ pé orí òun wọ́. Àgbà ni ó rí i, nítorí òun ni ó ní òye. Kò sí ẹni tí ó ní kí ọmọ kọ́kọ́ ṣàlàyé ara rẹ̀ kí á tó gbé orí rẹ̀ dúró. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí nínú ọ̀rọ̀ yìí: ẹni tí a fún ní òye ni iṣẹ́ òye wà lọ́rùn rẹ̀, kì í ṣe ẹni tí a kò fún. Ojú méjì ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Ojú dókítà àti ti nọ́ọ̀sì sì wà nínú igba náà.