Ìwọ̀n Eku ní Lọ́ńdọ̀nù

"Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́." Àwọn kan gbà pé òwe yìí ń sọ fún ẹni tí kò lówó pé kó jókòó sílé rẹ̀. Èmi ò gbà. Eku kékeré náà ń sùn nínú ìtẹ́ kékeré rẹ̀, ó sì ń hanrun; ẹni tí owó rẹ̀ ò pọ̀ náà lè gbádùn Lọ́ńdọ̀nù.

Ọ̀fẹ́ ni wíwọ British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ọ̀kan nínú àwọn orí idẹ Ifẹ̀ tí wọ́n hú ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938 wà. (Kí ọmọ Oòduà máa dúpẹ́ pé ọ̀fẹ́ lòun fi wo orí baba òun, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.) Owó gọbọi làwọn arìnrìn-àjò ń san kí wọ́n tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì Westminster Abbey, àmọ́ ẹni tó bá wá fún ìsìn ìrọ̀lẹ́ kì í san kọ́bọ̀, lọ́pọ̀ ọjọ́, àwọn akọrin á sì kọrin fún un. Bọ́ọ̀sì ńkọ́? Owó ọkọ̀ ẹ̀ẹ̀kan tó o san náà lo máa fi wọ òmíràn láàárín wákàtí kan.