Oko Baba Ẹlòmíràn

“Bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn, á ní kò sí oko tó tó ti baba òun.” Àwọn àgbà máa ń pa òwe yìí fún ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ibi tí ojú òun mọ ni ayé parí sí. Lójú tèmi, kò sí ẹni tó yẹ kó fetí sí i ju akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì lọ.

Ọmọ inú òwe náà kò purọ́: ohun tó rí ló sọ. Ìfẹ́ tó ní sí baba rẹ̀ kò sì burú. Òwe náà kò tilẹ̀ sọ pé oko baba rẹ̀ kéré; ó lè jẹ́ òun gan-an ló tóbi jù. Ibi tí ọmọ náà ti ṣìṣe ni pé ó dá ẹjọ́ oko méjì nígbà tó jẹ́ pé ẹyọ kan ló rí.

Ẹ jẹ́ ká fi obì wò ó. Ọmọ tó dàgbà sí Ṣágámù mọ obì dáadáa. Ó mọ abàtà tí a fi ń bọ òrìṣà, ó sì ti rí gbànja tí ọkọ̀ ń kó lọ sí Òkè-Ọya. Á máa rò pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè sọ fún òun nípa obì mọ́. Kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wá wọ yunifásítì, kí wọ́n fi òun, ọmọ Kánò àti ọmọ Ẹnúgu sínú yàrá kan. Lẹ́nu ọmọ Kánò ni yóò ti gbọ́ pé gbànja yẹn, tí àwọn ń pè ní gòrò, ni wọ́n ń pín fún àwọn èèyàn níbi tí wọ́n bá ti so yìgì. Ọmọ Ẹnúgu á ní obì làwọn fi ń gba àlejò. Pé àgbà ló ń gbàdúrà sí i kí wọ́n tó là á, pé awẹ́ mẹ́rin dúró fún ọjọ́ ọjà mẹ́rin, àti pé obì kì í gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Ìgbò ni kí wọ́n fi súre lé e lórí. Tó bá tún ka ìtàn àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà, yóò rí i pé nígbà tí obì wọ́n wọn lọ́hùn-ún, àgbọn ni wọ́n ń dà ní ìdà obì.

Kí ni ọmọ Ṣágámù yìí pàdánù? Kò pàdánù nǹkan kan. Obì ilé wọn gan-an ló wá mọ̀ sí i.

Ìjọba Gowon rí ọgbọ́n yìí lẹ́yìn ogun abẹ́lé ọdún 1967 sí 1970. Ọdún 1973 ni wọ́n dá ètò àgùnbánirọ̀ sílẹ̀, kí ọmọ tó bá jáde yunifásítì lè lọ sìn ní ìpínlẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí akẹ́kọ̀ọ́ á fi dúró títí yóò fi jáde, nígbà tí oko baba ẹlòmíràn wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì nínú yàrá rẹ̀?

Àwọn kan á ní irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ló ń sọ ọmọ di ẹni tó ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ilé baba rẹ̀. Òótọ́ ni pé irú wọn wà. Àmọ́ ẹni tó dé Lọ́ńdọ̀nù, tó wá ní kò sí ohun tó dára nílé mọ́, ọmọ inú òwe náà lòun náà. Oko tó ń yìn ló yí padà, àṣìṣe rẹ̀ kò yí.

Ìwà sì ṣe pàtàkì nínú ìrìn náà. Ẹni tó bá wọ oko olóko, olóko ló kọ́kọ́ ń kí. Kí akẹ́kọ̀ọ́ béèrè kó tó dájọ́: kí ló dé tí ẹ fi ń ṣe é báyìí? Ta ló kọ́ yín? Abéèrè kì í ṣìnà.

Ẹ̀yin òbí náà, ọ̀rọ̀ kàn yín. Bí a bá ń sin ọmọ lọ sí yunifásítì, a máa ń ní kó rántí ọmọ ẹni tí òun í ṣe. Ó dára bẹ́ẹ̀. Kí a má ṣe wá fi kún un pé kó má bá ẹ̀yà báyìí-báyìí ṣọ̀rẹ́. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fọ́mọ, òun fúnra rẹ̀ ló ti ọ̀nà oko mọ́ ọn.