Kọ́kọ́rọ́ Tí A Kò Gbà Padà

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Òdodo ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí òwe yìí kò dáhùn, òun ni mo sì fẹ́ kí èmi àti ẹ̀yin òǹkàwé jọ gbé yẹ̀ wò: bí ògiri bá ti lanu tán, tí aláǹgbá sì ti wọlé, ǹjẹ́ ilé ti di tirẹ̀ bí?

Ọ̀rọ̀ kan tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè ni ó gbé ìbéèrè yìí ka iwájú mi. Ọ̀rẹ́ mi kan bá ọ́fíìsì kan ṣiṣẹ́ títúmọ̀ ìwé nígbà ìsinmi. Wọ́n ṣe ètò fún un láti máa ṣí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì láti ilé, kí ó má baà máa náwó ọkọ̀ lójoojúmọ́. Iṣẹ́ parí, ó kúrò. Owó oṣù méjì rẹ̀ sì wà lọ́rùn wọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ó rí i pé kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fún un ṣì ń ṣílẹ̀kùn. Kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó wá bá wa nínú yàrá, ó ní: "Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni ó wà níbẹ̀. Wọ́n jẹ mí lówó. Àwọn náà ni wọn kò tilẹ̀kùn. Bí mo bá wọlé kó gbogbo ìwé tí mo túmọ̀, tí mo fi wọ́n han adájọ́, kí ni ẹ̀ṣẹ̀ mi?" Ẹnu wa kò kò lórí ọ̀rọ̀ náà.

Kí a tó dájọ́, ó yẹ kí a mọ irú ilẹ̀kùn tí à ń wí. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kò kúrò lórí tábìlì rẹ̀. Ohun tí ẹni tí ó wà nílé bá tẹ̀ ni íntánẹ́ẹ̀tì ń gbé lọ sí ọ́fíìsì. Ibẹ̀ ni a ti ń ṣe iṣẹ́ náà. Àwòrán rẹ̀ ni ó ń padà wá sí ojú kọ̀ǹpútà ti ilé. Kì í ṣe àrà tuntun. Láti ọdún 1969 ni àwọn tí ó ń so kọ̀ǹpútà pọ̀ ní Amẹ́ríkà ti ní Telnet, tí ènìyàn fi lè jókòó sídìí ẹ̀rọ kan kí ó máa lo òmíràn tí ó jìnnà. Ṣùgbọ́n ní ìhòòhò ni Telnet ń rán ọ̀rọ̀, àti password pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá lúgọ sójú ọ̀nà lè ṣà á. Nígbà tí irú àwọn bẹ́ẹ̀ jí password kó ní yunifásítì kan ní ilẹ̀ Finland ní 1995, Tatu Ylönen tí ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ṣe SSH, tí ń we ọ̀rọ̀ kí ó tó rán an. VPN náà ń we ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀: ó dà bí ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ láti ilé òṣìṣẹ́ dé àgbàlá ọ́fíìsì. Nígbà tí àrùn Kòrónà sé ènìyàn mọ́lé ní 2020, ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ni ó sáré la irú ọ̀nà yìí.

Ẹ kíyè sí ohun kan. Ẹni tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì mọ ojú ènìyàn. Bí ẹni tí ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ bá yọjú lálẹ́, yóò bi í pé, "Ọ̀gá, ṣé kò sí o? Kí ni ẹ gbàgbé?" Ilẹ̀kùn ti íntánẹ́ẹ̀tì kò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Orúkọ àti password ni ó mọ̀. Kò mọ̀ pé iṣẹ́ ti parí, àfi bí ẹnìkan bá sọ fún un.

Nítorí náà, àwọn tí ó dá ọ́fíìsì lẹ́bi kò jẹ̀bi. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, àwọn ọ̀daràn wọ inú kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ Colonial Pipeline, tí ń fi páìpù gbé epo láti Texas lọ sí ìhà ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Ọ̀nà VPN àtijọ́ kan tí a kò lò mọ́, ṣùgbọ́n tí a kò dí, ni wọ́n gbà. Password nìkan ni ọ̀nà náà ń béèrè. Páìpù dúró fún nǹkan bí ọjọ́ 5, ilé iṣẹ́ náà sì san nǹkan bí mílíọ̀nù 4.4 dọ́là fún wọn. Ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ẹni tí ń pín kọ́kọ́rọ́ gbọ́dọ̀ fún olúkúlùkù ní tirẹ̀, kí ó béèrè ẹ̀rí kejì láti orí fóònù, kí ó kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ó mú un dání, kí ó sì gbà á padà lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá parí. Èyí kì í ṣe àbùkù fún òṣìṣẹ́. Ó ń yọ ọ́ kúrò nínú ìfura ni.

Ṣùgbọ́n ẹ̀bi ẹnìkan kì í wẹ ẹ̀bi ẹlòmíràn nù. Nítorí iṣẹ́ ni a ṣe fún ni ní kọ́kọ́rọ́. Bí iṣẹ́ bá parí, àṣẹ ti parí, bí kọ́kọ́rọ́ tilẹ̀ wà nínú àpò. Ní ti "iṣẹ́ ọwọ́ mi ni", mo bi ọ̀rẹ́ mi pé: ìwé ta ni o túmọ̀? Ìwé ẹ̀rí ìbí ọmọ ọlọ́mọ ni, ìwé ilé ẹjọ́, lẹ́tà dókítà nípa àìsàn aláìsàn. Àwọn oníwèé wọ̀nyí kò jẹ ẹ́ ní kọ́bọ̀. Ọ́fíìsì ni wọ́n fọkàn tán. Bí ó bá wọlé lọ mú tirẹ̀, àṣírí tiwọn ni yóò kó jáde. Bí ó bá sì kó o jáde tán, olè tí ó gbé kàkàkí ọba, níbo ni yóò ti fọn ọ́n? Adájọ́ yóò bi í bí ó ti rí i. Ẹni tí a jẹ lówó yóò wá di ẹni tí ń jẹ́jọ́.

Ẹnìkan nínú wa wí pé: "Ṣé kí tálákà káwọ́ lẹ́rán ni, kí ọ̀gá máa jẹ owó rẹ̀?" Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí, nítorí òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ọ̀rẹ́ mi ti wà lọ́wọ́ rẹ̀: lẹ́tà tí wọ́n fi ń rán iṣẹ́ sí i, ọjọ́ tí ó dá a padà, owó oṣù tí wọ́n ti san tẹ́lẹ̀ ní báńkì. Kí ó gba ẹnu ọ̀nà wọlé béèrè owó rẹ̀. Kí ó sì sọ fún wọn nínú lẹ́tà kan náà pé ilẹ̀kùn wọn ṣí sílẹ̀. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín pé mo ń ṣàánú ajẹgbèsè. Rárá o. Àwọn oníwèé ni mo ń ṣàánú. Ọ̀rẹ́ mi kọ lẹ́tà náà. Wọ́n tilẹ̀kùn lọ́jọ́ kejì. Wọn kò tí ì san owó. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣì sọ pé ó ṣe rere, mo sì ń bá a lọ béèrè owó náà.

Kò ní pẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wa yóò fi gba irú kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ ní ibi iṣẹ́. Níwọ̀n bí ilẹ̀kùn náà kò ti ní ojú, ìwà ẹni tí ó mú kọ́kọ́rọ́ dání ni olùṣọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí a bá ń kúrò, ẹ jẹ́ kí a dá a padà kí wọ́n tó béèrè. Bí ọ̀gá bá sì gbàgbé, kí a rán an létí.