Ẹ̀dà Cobra, Ẹ́ńjìnnì Ta Ni?

Ẹni tó ń to ẹ̀dà AC Cobra, mọ́tò ìsáré àtijọ́ yẹn, jọ nínú gáréèjì rẹ̀ kò tíì purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìgbà tó bá fẹ́ ra ẹ́ńjìnnì ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan á ní tí kì í bá ṣe Ford V8, ayédèrú ni. Kó wá lọ gbé LS ti Chevrolet sí i? Èèwọ̀! Ṣebí Corvette, ọmọ Chevrolet, ni Cobra ń bá figagbága nígbà ayé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ni Cobra gan-an? Ní 1962, Carroll Shelby, ará Amẹ́ríkà, mú AC Ace ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ki ẹ́ńjìnnì Ford bọ̀ ọ́ nínú. Ẹ́ńjìnnì Bristol tí Ace ń lò tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Látinú iṣẹ́ BMW ti Jámánì ló ti wá. Àdàlù ni látilẹ̀ jàre.

Lójú tèmi, Ford kì í ṣe dandan. Bíréèkì àti ṣáásì tó lè gba agbára ẹ́ńjìnnì tó o yàn ni dandan, torí ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ kò sí nínú àríyànjiyàn yín. Tó o bá sì fẹ́ tà á, sọ ohun tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì kí oníbàárà tó béèrè. Owó lè dín o. Kó dín.