Díẹ̀díẹ̀ ni Waxman Fi Wọgbà

Àwọn baba wa ní díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Olóko ni wọ́n ń kìlọ̀ fún, pé kó má fojú kéré ohun tó ń rọra wọlé. Ẹ jẹ́ ká yí òwe náà sí ìhà kejì, ká fi wo Henry Waxman, aṣòfin tẹ́lẹ̀ láti California.

Lọ́dún 1945, Ààrẹ Harry Truman gbé ètò adójútòfò ìlera kalẹ̀ fún gbogbo ará Amẹ́ríkà. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà gbógun tì í, ètò náà sì forí ṣánpọ́n. Ọdún 1965 ni Ààrẹ Lyndon Johnson tó fọwọ́ sí ètò ìlera Medicare fún arúgbó àti Medicaid fún tálákà. Ṣùgbọ́n òṣì nìkan kò tó láti fi wọ Medicaid nígbà yẹn. Àfi kéèyàn tún wà lára àwọn tí ìjọba ti dárúkọ.

Waxman di alága ìgbìmọ̀ kékeré tó ń rí sí ìlera lọ́dún 1979. Kò pẹ́ tí Ronald Reagan fi gorí àlééfà, gígé ìnáwó ìjọba ló sì bá wá. Waxman kò pariwo. Inú òfin ìṣúná, ìwé gbọ̀rọ̀gbọrọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà tán, ló sábà máa ń ki ìlà kan tàbí méjì bọ̀. Lọ́dún 1986, wọ́n ní ìpínlẹ̀ tó bá wù lè fi Medicaid tọ́jú aboyún àti ọmọ ọwọ́ tó wà lábẹ́ ìlà òṣì tí ìjọba fà. Lọ́dún 1988, bó-bá-wù-yín di dandan. Lọ́dún 1990, George Bush, ọmọ ẹgbẹ́ Republican tó ń tako ti Waxman, fọwọ́ sí èyí tó jinlẹ̀ jù: ọmọ tálákà yòówù tí a bí lẹ́yìn 30 Oṣù Kẹsàn-án 1983 yóò wà lábẹ́ Medicaid títí yóò fi pé ọmọ ọdún 19. Bí àwọn ọmọ náà ṣe ń dàgbà ni òfin ń bá wọn dàgbà, títí ó fi kárí lọ́dún 2002.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ má gbàgbé pé mímú ni wọ́n wí. Ẹni tó káwọ́ gbera, tó ní sùúrù lòun ń ṣe, kò mú nǹkan kan. Waxman kì í tíì gba ti ọdún yìí tán tó fi ń wá ọ̀nà ti èèmíì. Irú sùúrù yẹn ṣọ̀wọ́n láàárín òṣèlú, níbi gbogbo.

Síbẹ̀, ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Àìsàn kì í bi ènìyàn léèrè ọjọ́ ìbí. Ọmọ tí a bí ní 30 Oṣù Kẹsàn-án kò sí nínú dandan yẹn. Èyí tí a bí lọ́jọ́ kejì wà níbẹ̀. Gbèsè ni ẹni tó ń fẹsẹ̀ lé ọ̀nà díẹ̀díẹ̀ jẹ ẹni tó kù síta, a kò sì gbọdọ̀ fi ìyìn bo gbèsè mọ́lẹ̀. Waxman padà wá san nínú tirẹ̀. Ó wà lára àwọn tó ṣe òfin tí Barack Obama fọwọ́ sí lọ́dún 2010, èyí tó fẹ́ kí Medicaid gba gbogbo àgbàlagbà tó jẹ́ tálákà. Lọ́dún 2012, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní a kò lè fi ipá mú ìpínlẹ̀ kankan. Dandan tún padà di bó-bá-wù-yín. Kò wu Texas. Níbẹ̀, géńdé tí kò bímọ, tí kò sì yarọ, bó ti wù kó tòṣì tó, Medicaid kò ní gbà á.