Ṣé Kí Wọ́n Gbé Clotilda Jáde Nínú Ẹrẹ̀?

Ọ̀rọ̀ Titanic ló dá àríyànjiyàn náà sílẹ̀ ní ìsọ̀ káfíńtà kan ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun. Àṣàkẹ́, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ní yunifásítì, ló ń sọ fún ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ pé ọkọ̀ tó rì lọ́dún 1912 ṣì wà nísàlẹ̀ òkun, níbi tó jìn tó nǹkan bíi 3,800 mítà. Ẹ̀mí tó lé ní 1,500 ló bá a lọ. Síbẹ̀, wọ́n ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹrù inú rẹ̀ wá sókè, wọ́n ń gbowó ìwòran lé e lórí.

“Sàréè ni wọ́n ń tú yẹn,” ni bàbá náà wí. Àṣàkẹ́ gbà bẹ́ẹ̀.

“Ṣùgbọ́n Clotilda ńkọ́, Bàbá?”

Oṣù Keje ọdún 1860 ni ọkọ̀ yìí dé Mobile ní Alabama pẹ̀lú èèyàn bí 110 tí wọ́n rà ní Wídà, bẹ́ẹ̀ láti 1808 ni Amẹ́ríkà ti fòfin de kíkó ẹrú wọ̀lú. Àwọn tó ń sọ Yorùbá wà nínú wọn. Ọ̀kan ni Kossola, tí wọ́n wá ń pè ní Cudjo Lewis, ẹni tí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì kó lẹ́rú. William Foster, ọ̀gá ọkọ̀, kó wọn sọ̀ tán, ó dáná sun ọkọ̀ náà sínú odò kí àṣírí má bàa tú. Wọ́n gbé Timothy Meaher tó rán an níṣẹ́ lọ sílé ẹjọ́. Ẹjọ́ náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ọdún 2019 ni wọ́n tó kéde pé wọ́n ti rí ọkọ̀ náà.

“Kì í ṣe sàréè. Ẹ̀rí ọ̀ràn ni,” ni Àṣàkẹ́ wí. “Ẹni tó sun ún fẹ́ kó pòórá. Tá a bá fi í sílẹ̀ sínú ẹrẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ náà là ń bá a ṣe.”

Bàbá ò fèsì. Ó fa pákó kan tí wọ́n hú nínú àbàtà, tó ti gbẹ sójú oòrùn. Ó ti là láti òkè délẹ̀. Ó fi èékánná ha á, ó ń rún dànù.

“Nígbà tó wà nínú omi, ó le koko. Ṣé ohun tó o fẹ́ fi ṣe ẹ̀rí nìyí?”

Ohun tí àwọn onímọ̀ tí Alabama Historical Commission gbé iṣẹ́ fún sọ lọ́dún 2024 náà nìyẹn: kí ọkọ̀ náà máa wà níbi tó wà. Àṣàkẹ́ kọ̀ jálẹ̀. Ó ní Vasa, ọkọ̀ Sweden tó rì lọ́dún 1628, wọ́n gbé e jáde lọ́dún 1961, ọdún 17 ni wọ́n fi ń fín oògùn sí pákó rẹ̀ lára, ó sì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé dòní.

“Owó ló ṣe bẹ́ẹ̀. Africatown, àdúgbò tí àwọn àtọmọdọ́mọ Kossola àtàwọn tí wọ́n jọ wọkọ̀ náà ń gbé, ṣé wọ́n ti tún un ṣe tán?”

“Wọn ò tíì tún un ṣe, Bàbá. Àmọ́ a ò lè torí ìyẹn gbàgbé ọkọ̀.”

“Ta ló wá láṣẹ? Ṣé àwa tí wọ́n kó wọn nílẹ̀ wa ò lóhùn sí i ni?”

“Bàbá, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa ló tà wọ́n.” Ó rán an létí pé lọ́dún 1999, Mathieu Kérékou, ààrẹ Benin (Dàhòmì àtijọ́) nígbà náà, tọrọ àforíjì ní Baltimore nítorí ọwọ́ tí àwọn ará Áfíríkà fúnra wọn ní nínú òwò náà.

Ọ̀rọ̀ yẹn wúwo, òótọ́ sì ni. Lójú òǹkọ̀wé yìí, àwọn ọmọ Africatown ló ni ìpinnu náà, bí ẹnu wọn kò tilẹ̀ kò.

“Kí wọ́n bi wọ́n nígbà náà,” ni bàbá wí. “Ohun tí wọ́n bá sì sọ, kí ìjọba Alabama sanwó rẹ̀.”