Ọpẹ́ Bẹ̀rẹ̀ Láti Ilé

Ẹ̀yin ìyá nínú Olúwa, nínú Lúùkù orí 17, adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá ni Jésù wò sàn. Ọ̀kan péré, ará Samáríà, ló padà wá dúpẹ́. Ǹjẹ́ àwa kò ha ń tọ́ àwọn mẹ́sàn-án yòókù dàgbà nílé wa bí? A ń kọ́ ọmọ láti kúnlẹ̀ dúpẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ, ṣùgbọ́n bí ó bá pọnmi, tó fọ abọ́, a kì í sọ pé, “O ṣé.” Bí ọkọ bá fún wa lówó ọbẹ̀, kíkùn wa ni ọmọ ń gbọ́.

Lálẹ́ òní, níbi àdúrà ìdílé, ẹ jẹ́ kí a dárúkọ oore kan tí ọmọ wa ṣe, kí a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọpẹ́ tó bá gbọ́ lẹ́nu wa ni yóò bá a dàgbà. Kí Olúwa ràn wá lọ́wọ́. Àmín.